Odò Ọya, omi Iwofe, àti sìtọ́ọ̀ tí a fẹ́ gbà

Admin yín ló ń sọ̀rọ̀, èmi Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́. Ariwo tí ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn mi, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni, ẹ bá mi fara dà á. Ẹ̀yin tí dátà yín ò gbé ohùn, akọ̀wé wa á kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ẹ ó kà á tó bá di ọ̀la.

Ọ̀rọ̀ sìtọ́ọ̀ ló gbé mi dìde. Láti ọjọ́ Àìkú la ti ń fà á: ṣé ti Iwofe la máa gbà ni, àbí ti ojú ọ̀nà Ahoada tí owó rẹ̀ fi ìdajì dín? Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Èèyàn mọ́kànlá ló ní Iwofe kò ṣeé kó ẹrù sí, torí pé odò ńlá wà níbẹ̀, pé Odò Ọya á kó gbogbo rẹ̀ lọ bó ṣe kó ti àwọn ará Bayelsa lọ ní 2022. Ẹnì kan tiẹ̀ fi fọ́tò ilé tó rì dé òrùlé ránṣẹ́. Mi ò bá yín jiyàn fọ́tò. Ẹ̀rù tó ń bà yín kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Àmọ́ odò tí ẹ ń bẹ̀rù yẹn, òun kọ́ ló wà ní Iwofe. Ẹ̀bá ọ̀nà Ahoada tí ẹ fẹ́ sá lọ yẹn gan-an ló ń gbà kọjá. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn kó tó di pé a dìbò, torí owó àdáwó gbogbo wa ni. Ó máa gùn díẹ̀. Ẹni tó bá ń dáná, ẹ gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ní Ṣakí, tíṣà jọ́gíráfì wa kò ní máàpù. Ṣọ́ọ̀kì ló máa ń mú. Á fa ìlà kan láti apá òsì pátákó, ìlà náà á gòkè lọ, á yí, á wá sọ̀kalẹ̀ sí apá ọ̀tún. Ó ní ká wò ó bí ìwọ̀ tí wọ́n fi ń pẹja tí wọ́n wá dojú rẹ̀ dé. Ó ní, "Ọya nìyẹn." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, torí Ọya tí àwa mọ̀, ìyàwó Ṣàngó ni, òrìṣà ni, a ò mọ̀ pé odò náà ti ìlú onílùú rìn wá. C6 ni mo gbà nínú jọ́gíráfì, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀ yẹn ò kúrò lójú mi títí dòní.

Orísun Odò Ọya, èyí tí òyìnbó ń pè ní Niger, wà láàárín àwọn òkè ní orílẹ̀-èdè Gíní, lẹ́bàá ààlà Sierra Leone. Láti ibẹ̀ sí òkun, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 240 lọ. Bíi ká ní èèyàn fẹ́ ti Òṣogbo lọ sí Èkó ni. Ẹni tó bá ń wò ó á ní ó máa ṣàn sínú òkun kíákíá kó sinmi. Rárá o. Òkè ló dí i lọ́nà, ilẹ̀ sì dagun sí apá ìlà oòrùn àti àríwá, bẹ́ẹ̀ ni odò náà ṣe kẹ̀yìn sí òkun tó wà nítòsí rẹ̀, tó kọjú sí aṣálẹ̀. Nǹkan bíi kìlómítà 4,180 ló máa rìn kó tó padà rí òkun, ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ló sì ti máa rí i.

Gíní yìí kan náà ni òkè Fúútà Jàlọ́ǹ wà, níbi tí odò Gáḿbíà àti odò Sẹ̀nẹ̀gà ti ṣẹ̀. Ẹ fi wé tàǹkì tí wọ́n gbé sórí òpó nínú ọgbà. Òjò ń kún un, páìpù ń já láti ara rẹ̀ lọ sí yàrá yìí, lọ sí yàrá tọ̀hún. Gíní ni tàǹkì yẹn fún ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ẹ̀yin tí ẹ ní èèyàn ní Bamako, omi tí wọ́n ń mu níbẹ̀ àti èyí tó ń kọjá lábẹ́ bíríìjì Jébà, odò kan náà ni.

Tí Ọya bá kọjá Bamako àti Ségou ní Málì, ó máa ń dé ilẹ̀ kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní, ní ìhà Mopti. Ibẹ̀ ló ti máa ń tú ká, á di ọ̀pọ̀lọpọ̀ odò kéékèèké, adágún àti pápá olómi, wọ́n ń gbin ìrẹsì níbẹ̀, wọ́n ń pẹja, àwọn Fúlàní ń da màlúù. Oòrùn máa ń mu púpọ̀ nínú omi náà níbẹ̀. Èyí tó kù á tún kóra jọ, á fẹsẹ̀ kan etí aṣálẹ̀ ní Timbuktu, á wá yí padà wá sísàlẹ̀: Gao, Niamey, ààlà orílẹ̀-èdè Benin, kó tó wọ Nàìjíríà ní ìpínlẹ̀ Kebbi. Ìwọ̀ tíṣà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ya díẹ̀. Àwọn òyìnbó ò mọ ibi tí odò yìí ń lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mungo Park rí i ní Ségou ní 1796, ó sì kú sínú rẹ̀ ní Bussa ní 1806 láìmọ òpin rẹ̀. Ọdún 1830 ni Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John gba Àgbádárìgì wọlé, wọ́n la ilẹ̀ Yorùbá kọjá dé Bussa, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, omi sì gbé wọn jáde sí òkun ní ìhà Brass. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín nípa rẹ̀ ni pé, kó tó di ìgbà yẹn, àwọn oníṣòwò òyìnbó ti ń ná ọjà ní Brass àti Bonny fún ìran bíi mélòó kan. Epo pupa ni wọ́n wá ń rà níbẹ̀ lẹ́yìn tí òwò ẹrú ń dópin. Ẹnu Ọya ni wọ́n dúró sí, wọ́n ń bèèrè ibi tí Ọya wà. Ẹ má dá wọn lẹ́bi jù. Ẹnu náà kì í ṣe ọ̀kan, ó pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Ẹ̀yin náà ti gbé Port Harcourt ju ogún ọdún lọ, èwo nínú àwọn odò wọ̀nyí ni Ọya? Ẹ rí i?

Mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Ní Nàìjíríà, kó tó kan àwa, Kainji ló máa kọ́kọ́ dá odò náà dúró. Dáàmù yẹn, 1968 ni wọ́n ṣe é tán, omi rẹ̀ bo Bussa àtijọ́ mọ́lẹ̀, wọ́n sì kó àwọn èèyàn ibẹ̀ lọ sí New Bussa. Jébà ló tẹ̀ lé e. Ó wá ní nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: ní òkè lọ́hùn-ún, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni Ọya máa ń kún. Àkọ́kọ́ ni omi òjò ilẹ̀ Nàìjíríà fúnra rẹ̀ àti ti àwọn alábàágbé wa, tó ń bọ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀, láàárín oṣù Kẹjọ sí Ìkẹwàá. Omi funfun ni wọ́n ń pè é. Èkejì ni omi dúdú, èyí tó ti fi ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Málì, tó ti pẹ́ lọ́nà. Òjò tó rọ̀ ní Gíní nígbà tí àwa ń jẹ àgbàdo tútù, ọyẹ́ á ti dé kó tó wọ Kainji. Èyí kì í yọ wá lẹ́nu ní ìsàlẹ̀ níhìn-ín. Mo kàn sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé odò ńlá kì í sáré bí àgbàrá ẹ̀yìnkùlé.

Ìyọnu wa gan-an, Bẹ́núè ló ń gbé e bọ̀.

Bẹ́núè ṣẹ̀ láti orí ilẹ̀ gíga Adamawa ní Kamẹrúùnù, ó gba Garoua, ó wọ Yola, ó gba Makurdi, ó bá Ọya pàdé ní Lókọ́ja. Kìlómítà bíi 1,400 ni. Kò gba aṣálẹ̀ kọjá, kò sí pápá olómi bíi ti Málì tó máa dá a dúró, nítorí náà kì í pẹ́ lọ́nà bíi ti Ọya. Òjò Kamẹrúùnù àti ti apá ìlà oòrùn wa ń pọ̀ jù ní oṣù Kẹjọ àti Ìkẹsàn-án, nígbà tó bá sì máa fi di ìparí oṣù Kẹsàn-án, ó ti di ẹrù Lókọ́ja. Dáàmù Lagdo wà lórí rẹ̀ ní Kamẹrúùnù láti 1982. Wọ́n ní Nàìjíríà máa ṣe tirẹ̀ sí Dasin Hausa ní Adamawa tí á máa gba omi tí Lagdo bá tú sílẹ̀. Ẹ lọ wò ó níbẹ̀ bóyá ẹ ó rí i. Ní 2022, ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú omi Lagdo. Àmọ́ ká má di gbogbo ẹ̀bi ru Kamẹrúùnù, òjò tó rọ̀ nílẹ̀ wa gan-an lọ́dún náà pọ̀ jọjọ.

Ẹ wo Jos náà. Ilẹ̀ gíga ni, omi orí rẹ̀ sì pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Odò Kaduna ń ti ibẹ̀ lọ bá Ọya. Gongola ń lọ bá Bẹ́núè. Àwọn yòókù ń ṣàn sí àríwá lọ sí adágún Chad, èyí tí kò ní ọ̀nà dé òkun rárá, tó sì ti gbẹ sẹ́yìn gan-an láti àwọn ọdún 1960 wá. Ilé wa náà bẹ́ẹ̀. Òjò tó bá rọ̀ ní ìhà Ogbómọ̀ṣọ́, odò Ọ̀bà ló ń gbé púpọ̀ nínú rẹ̀, Ọ̀bà á fà á lé Ọ̀ṣun lọ́wọ́, Ọ̀ṣun á gbé e lọ sí ọ̀sà ní ìhà Lekki. Ògùn tó ṣẹ̀ ní ìhà Ṣakí lọ́dọ̀ tiwa ń gba Abẹ́òkúta lọ sí ọ̀sà Èkó. Ṣùgbọ́n tó bá rọ̀ ní Ìlọrin, odò Asà á gbé e lọ fún Awun, Awun á gbé e fún Ọya. Nítorí náà, Àlàájì, ẹ̀yin tí ẹ kọ́kọ́ ní ká sá fún Iwofe, omi ẹ̀yìnkùlé yín ní Ìlọrin wà lára ohun tó gba ọ̀nà mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ má bínú sí mi, àwàdà ni.

Láti Lókọ́ja, omi méjì ti di ọ̀kan. Ó gba Idah, ó gba àárín Àsàbà àti Ọ̀nìṣà, ó kọjá Aboh, ibẹ̀ ló ti wá la ara rẹ̀ sí méjì: ọ̀kan ni Nun, èkejì ni Forcados. Àwọn méjèèjì tún ń pín, wọ́n tún ń pín, títí tí wọ́n fi wọ òkun. Àwọn àgbà ilé wa ń pe Ọya ní Ìyá Mẹ́sàn-án, àwọn kan sì máa ń so ó mọ́ ẹnu odò náà. Tí ẹ bá kà á lórí máàpù, ó ju mẹ́sàn-án lọ. Ilẹ̀ tí a dúró lé lórí níhìn-ín, ẹrẹ̀ tí odò ń rù wá láti ọjọ́ aláyé ti dáyé ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò sí ilẹ̀ ẹnu odò tó tó o ní gbogbo Áfíríkà.

Ẹ dákun, fóònù gé mi níbẹ̀ yẹn. Mo ń bá a lọ.

Ní báyìí, ẹ pa ojú dé, kí ẹ wọ mótò láti Warri. Gbogbo wa la mọ ọ̀nà East-West. Bíríìjì àkọ́kọ́ tó ga, ní Patani: omi abẹ́ rẹ̀ ni Forcados. Ọya ni. Ẹ tún lọ díẹ̀, Kaiama: Nun nìyẹn. Ọya ni. Ẹ dé Mbiama níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja gbígbẹ: odò ibẹ̀ ni Orashi. Ìpínlẹ̀ Imo ló ti ṣẹ̀, ó gba Oguta wá. Kì í ṣe Ọya fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó wà láàárín wọn rẹlẹ̀. Tí Ọya bá kún, Orashi kò ríbi da omi rẹ̀ sí, Ọya á sì tún ya wá bá a. Omi méjì á di ẹyọ kan, ọ̀nà á wà láàárín. Ibẹ̀ ni Ahoada West. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ nípa 2012 àti 2022.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ máa tó kọjá Ahoada, Emohua, kí ẹ tó dé bíríìjì Choba. Omi abẹ́ bíríìjì Choba, New Calabar ni wọ́n ń pè é. Òun náà ló ń sọ̀kalẹ̀ wá sí Ogbogoro, tó wá dé Iwofe. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ tàn yín, kò kan ìlú Calabar rárá, ìlú yẹn wà lọ́nà jíjìn sí wa ní ìhà ìlà oòrùn. Odò àwọn Kalabari ni. Ìhà Elele ló ti ṣẹ̀, nínú ìpínlẹ̀ Rivers yìí náà. Kò mọ Gíní, kò mọ Kamẹrúùnù, kò dé Lókọ́ja rí. Dáàmù Lagdo lè ṣí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀, omi Iwofe kò ní mọ̀.

Ṣùgbọ́n ó ń kún o! Ohun tí ẹ ń rí nìyẹn. Òkun ló ń kún un. Ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ kan ni òkun ń ti omi wọlé, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fà á jáde. Tó bá kún láàárọ̀ ní aago mẹ́fà, á fà ní bí ọ̀sán, á tún kún ní nǹkan bí aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kejì á fi nǹkan bíi àádọ́ta ìṣẹ́jú pẹ́ ju tàná lọ. Àwọn ọmọ wọ́tàsáìdì mọ̀ ọ́n ju aago lọ, òun ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tí wọ́n á wá periwinkle àti ìgbà tí ọkọ̀ á jáde. Tó bá jẹ́ ìgbà tí oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tàbí tó di òṣùpá rogodo, ó máa ń ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àmọ́ níwọ̀n bó ṣe wọlé ló máa jáde. Kì í jókòó síbẹ̀ fún oṣù kan gbáko.

Omi Ọya ní tirẹ̀, ó ń jókòó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Ní 2022, mo ní ogójì àpò ẹ̀lùbọ́ tó ń bọ̀ láti Ṣakí. Nígbà tó di ìparí oṣù Kẹsàn-án, dírébà pè mí láti Benin, ó ní òun fẹ́ gba East-West torí pé ọ̀nà Owerri ti bàjẹ́, ó sì gùn. Mo ní kò burú. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, mi ò dá dírébà lẹ́bi. Mo ti gbọ́ lórí rédíò pé Lókọ́ja ti rì, pé mótò ò lè lọ sí Abuja mọ́, mo sì ṣàánú wọn, mo yí rédíò sí ibòmíràn. Kò wá sí mi lọ́kàn pé omi tó wà ní Lókọ́ja ní òwúrọ̀ yẹn, ọ̀nà ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Mo mọ ìwọ̀ tíṣà o, mo mọ Lókọ́ja, mo mọ Patani, mi ò sì so wọ́n pọ̀. Wọ́n wọn omi náà ní Lókọ́ja ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá, ó kọjá mítà 13, ó ju ti 2012 lọ.

Tírélà náà kọjá Patani, ó kọjá Kaiama. Kó tó dé Mbiama, omi ti gorí ọ̀dà. Ó fẹ́ padà, omi ti wà lẹ́yìn rẹ̀ náà. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló lò níbẹ̀. Omi ò wọ inú mótò o, àmọ́ ẹ mọ ẹ̀lùbọ́, kò nílò kí omi fọwọ́ kàn án. Ọ̀rinrin nìkan tó o. Tápólì ò ràn án lọ́wọ́. Àpò mọ́kànlá péré ló ṣeé tà nígbà tó dé, èyí tó kù ti hu funfun, ó ń rùn. Owó ẹlòmíràn wà nínú rẹ̀. Ọdún kan àti oṣù mẹ́ta ni mo fi san án. Àwọn tó wà ní Yenagoa nígbà náà mọ iye tí wọ́n ra epo mọ́tò àti gààrí. Àwa tiẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ọjà. Àwọn tó ju ẹgbẹ̀ta lọ ló kú káàkiri Nàìjíríà nínú omi ọdún yẹn, àwọn tó sì fi ilé sílẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lọ.

Lásìkò kan náà yẹn, mo ń lọ sí Iwofe lọ ra ẹja. Omi Iwofe ń wọlé, ó ń jáde bó ṣe máa ń ṣe. Àwọn tó ń ta ẹja níbẹ̀ ò tilẹ̀ gbé tábìlì wọn kúrò. Ìgbà yẹn ló yé mi pé omi méjì ni.

Àmọ́ mi ò sọ pé Iwofe kì í rì. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ilé ló fẹ́ tà. Òjò Port Harcourt, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ó ju mílímítà 2,000 lọ lọ́dún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Ìbàdàn. Tó bá rọ̀ wákàtí mẹ́ta, tí gọ́tà kún fún ike àti náílọ́ọ̀nù, tó sì wá bá ìgbà tí òkun ti omi wọlé, omi gọ́tà kò ní ríbi jáde, yàrá àwọn èèyàn ló máa yà sí. Ìyẹn máa ń lọ láàárín wákàtí mélòó kan, àmọ́ wákàtí kan ti tó láti ba àpò sìmẹ́ńtì àti ẹ̀lùbọ́ tó wà nílẹ̀ jẹ́. Ohun kejì ni chikoko. Ẹrẹ̀ dúdú tí wọ́n ń kó láti abẹ́ àwọn igi tó na gbòǹgbò sókè nínú omi, tí wọ́n fi ń dí etí odò láti kọ́lé sí. Ilé orí chikoko máa ń rì díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo ògiri rẹ̀, ẹ ó rí ibi tó ti là. Sìtọ́ọ̀ kan tí aṣojú ilé fi hàn wá ní ẹ̀bá omi gan-an, chikoko ni ìdí rẹ̀, mo ti sọ fún un pé a ò ṣe. Èkejì tó wà lókè, lójú ọ̀nà Iwofe, tí ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ pupa líle, òun ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ti Ahoada tí owó rẹ̀ kéré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè ìdí tó fi kéré. Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n ti kun ògiri rẹ̀ ní ọ̀dà tuntun, ó dára lójú. Mo gba ẹ̀yìn ilé, wọn ò kun ẹ̀yìn. Ìlà omi wà lára ògiri níbẹ̀, ó ga dé èjìká mi. Ìyá kan tó ń dín àkàrà lódìkejì ọ̀nà sọ fún mi pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni omi wà nínú ilé yẹn. Omi ló bá wa ná owó yẹn wálẹ̀. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ẹ, ó lè dára fún un láti oṣù Kejìlá sí oṣù Keje. Àmọ́ ọdún méjì ni wọ́n ń gbowó.

Bàbá Alásọ sọ pé ti Iwofe jìnnà sí Mile 3, pé gó-sílòó ọ̀nà ibẹ̀ á pa wá. Òótọ́ ni, mi ò ní èsì sí ìyẹn. Owó kẹ̀kẹ́ máa pọ̀ sí i. Kí kálukú ṣírò rẹ̀.

Ohun tó kù ni ìgbà tí a ń gbé ọjà. Èmi ti yí tèmi padà láti 2023. Ẹrù tó wúwo, tó sì lè bàjẹ́, mo máa ń rí i pé ó wọlé kó tó di ìparí oṣù Kẹjọ. Láti àárín oṣù Kẹsàn-án títí di oṣù Kọkànlá, ìwọ̀nba díẹ̀ ni mo ń gbé, mo sì ń sọ fún dírébà pé ọ̀nà Àsàbà, Ọ̀nìṣà, Owerri ni kó gbà, bó ti wù kó gùn tó. Bíríìjì ibẹ̀ ga, tó bá sì ti kọjá Ọ̀nìṣà, ó ń kúrò lẹ́bàá odò ni. Ẹ̀yin tí ẹ̀wà àti àlùbọ́sà yín ń ti òkè ọya bọ̀, Lókọ́ja ni kí ẹ máa tẹ́tí sí. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń wo odò, NIHSA, máa ń kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n rò pé omi lè yalé níbẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ pé Makurdi ń kún, ẹ má yí rédíò bíi tèmi. Ẹ pe dírébà yín.

Ó ti tó, ohùn mi ti há. Ìdìbò ṣì wà fún ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìpàdé. Ṣùgbọ́n ní Sátidé, mo fẹ́ kí èèyàn márùn-ún, ó kéré tán, bá mi lọ wo sìtọ́ọ̀ Iwofe yẹn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ kọ̀. Òṣùpá á ti di rogodo lọ́jọ́ náà. Mo ti béèrè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ wọ́tàsáìdì, wọ́n ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni omi á ga jù, aago mẹ́rin àbọ̀ ni ká ti wà níbẹ̀. Ká lọ wo ibi tó ga dé pẹ̀lú ojú wa, ká wo gọ́tà, ká gba ẹ̀yìn ilé náà. Ẹ wọ bàtà rọ́bà wá o, kí ẹ sì mú owó kẹ̀kẹ́ yín dání, mi ò ní san ti ẹnikẹ́ni.